Irun Ìpàkọ́ Tí A Ń Hú Lọ Gbìn sí Iwájú Orí

 

Ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn ni ìwé kan tẹ̀ wá lọ́wọ́ láti Àrẹ̀mọ, ní Ìbàdàn. Ìyá kan ni ó kọ ọ́, ọmọ ìjọ Ọlọ́run, tí agbo ilé rẹ̀ kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́. Ó sọ fún wa pé ọmọ òun obìnrin, ẹni ọdún 26, yóò ṣe ìgbéyàwó ní oṣù Kejìlá, ṣùgbọ́n irun ẹ̀bátí rẹ̀ ní ọ̀tún àti ní òsì ti tán, iwájú orí rẹ̀ sì ti ń dán. Ẹnìkan ti fi hàn wọ́n nínú fóònù pé iṣẹ́ titun kan ti dé, tí a fi ń yọ irun láti ìpàkọ́ ènìyàn lọ gbìn sí ibi tí ó pá, láìsí ọ̀bẹ, láìsí ìrora, láìsí àpá. Owó tí wọn yóò san sì ni gbogbo owó èsúsú tí ìyá yìí ti dá fún ọdún mẹ́ta, èyí tí ó fẹ́ fi gba ṣọ́ọ̀bù fún ọmọ náà ní Bẹẹrẹ, kí ó lè máa ránṣọ níbẹ̀.

Ìyá náà bi wá léèrè pé: Ǹjẹ́ òtítọ́ ni ohun tí wọ́n wí? Ṣé kí òun san owó náà? Ní ìsàlẹ̀ ìwé rẹ̀ ó tún fi gbólóhùn kan kún un, òun ni kò sì jẹ́ kí a lè gbé ìwé náà sílẹ̀. Ó ní nígbà tí ọmọ náà wà ní kékeré, òun tìkára òun ni ó máa ń sọ fún onídìrí pé kí ó fà á kí ó le dáadáa, kí irun náà lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí rẹ̀.

A rí i pé ọ̀rọ̀ yìí kọjá èyí tí a lè fi ìlà méjì dáhùn. Nítorí náà a pinnu láti lọ kí wọn ní ilé. Ṣùgbọ́n kí a tó sọ ohun tí ojú wa rí níbẹ̀, ó yẹ kí a kọ́kọ́ ṣe àlàyé iṣẹ́ náà fún àwọn tí kò tíì gbọ́ nípa rẹ̀, nítorí pé ọjà tí ènìyàn kò mọ̀ ni wọ́n fi ń rẹ́ ẹ jẹ.

Ẹ wo àwọn bàbá tí ó jókòó ní iwájú nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Ìsinmi. Bí orí wọn tilẹ̀ pá láti iwájú títí dé àtàrí, ẹ ó rí i pé irun ṣì yí ìpàkọ́ wọn ká láti etí dé etí, bí ọgbà tí a sọ yí oko ká. Irun ibẹ̀ kì í tètè kú. Bí a bá sì mú un kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú gbòǹgbò rẹ̀, tí a gbìn ín sí ibi tí ó pá, kì í gba ìwà ibi tí a gbìn ín sí. Ìwà ibi tí ó ti wá ni í máa hù. Gẹ́gẹ́ bí àgbẹ̀ ti ń hú ọmọ kòkó ní ibi tí ó ti kọ́kọ́ hù, tí ó sì ń gbé e lọ gbìn sí oko, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni iṣẹ́ yìí rí. Láti ara ẹni ni a sì ti ń mú un fún ara ẹni. Irun orí ẹlòmíràn kò lè ṣe é, nítorí pé ara kì í gba ẹran ara àlejò, àfi bí ó bá jẹ́ ti ìbejì tí ó jọra délẹ̀délẹ̀.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe ti àná. Ní 1939 ni oníṣègùn ará Jàpáànì kan, Shoji Okuda, kọ̀wé pé òun ti ń fi irin kékeré tí ẹnu rẹ̀ rí róbótó gé awọ tí irun wà lára rẹ̀, tí òun sì ń gbìn ín sí ara àwọn tí iná tàbí egbò ti ba irun wọn jẹ́. Ogun àgbáyé bẹ́ sílẹ̀, àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti ti Yúróòpù kò sì gbọ́ nípa iṣẹ́ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ní 1952, Norman Orentreich ṣe irú rẹ̀ fún apárí ọkùnrin kan ní New York, ó sì kọ ọ́ jáde ní 1959. Òun ni ó fi yé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé irun ìpàkọ́ kì í pa ìwà rẹ̀ dà níbi tí a bá gbìn ín sí. Ṣùgbọ́n irin ìgbà náà fẹ̀, ó tó mílímítà 4, irun tí wọ́n sì gbìn dúró ní ìdì-ìdì bí irun orí ọmọlangidi. Ẹni tí ó bá rí i yóò mọ̀ lójú kan náà pé a gbìn ín ni.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gé awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan bí ọ̀já ní ìpàkọ́. Wọn a rán ojú ibẹ̀ pọ̀, wọn a sì fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá pín awọ náà sí wẹ́wẹ́, kí ìdì kọ̀ọ̀kan lè ní irun 1 sí 4, gẹ́gẹ́ bí Ẹlẹ́dàá ti tò wọ́n. Bobby Limmer, ní Texas, ni ó fi lílo awò yìí hàn fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìwé tí ó kọ ní 1994. Irun tí a gbìn báyìí dára, kò sì jọ ti ọmọlangidi mọ́. Ṣùgbọ́n àpá gígùn kan kù sí ìpàkọ́, tí ẹni tí ó bá gẹ irun rẹ̀ mọ́lẹ̀ kò lè fi pamọ́.

Èyí tí ó tẹ̀lé e ni ọ̀nà tí wọ́n fi han ìyá Àrẹ̀mọ nínú fóònù. Ní 2002 ni William Rassman àti Robert Bernstein pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa rẹ̀. A kò gé awọ bí ọ̀já mọ́. Wọn a fá ìpàkọ́, wọn a fún un ní abẹ́rẹ́ kí ó má bàa mọ ìrora, wọn a sì fi irin róbótó tí ẹnu rẹ̀ kò ju bí mílímítà 1 lọ gé yí ìdí irun kọ̀ọ̀kan ká, kí wọ́n tó fi ẹ̀mú kékeré fà á jáde. Wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìgbà ẹgbẹ̀rún kan, àní ẹgbẹ̀rún méjì, láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò la ihò tín-ínrín sí ibi tí ó pá, tí wọn yóò sì fi àwọn irun náà sínú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò ní pẹ́ tó oṣù kan tí irun tí a gbìn náà yóò fi gbọn dànù, ẹni tí kò mọ̀ yóò sì rò pé iṣẹ́ ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ wà nínú awọ. Ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin ni yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí hù, ó sì tó nǹkan bí ọdún kan kí a tó mọ bí yóò ti rí. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ṣe é ní oṣù Kẹsàn-án fún ìgbéyàwó oṣù Kejìlá, òun ni yóò kọ́kọ́ dé iwájú pẹpẹ, irun rẹ̀ yóò sì máa bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹ kíyèsí ohun kan nínú gbogbo èyí. Láti ìgbà Okuda títí di òní, kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà wọ̀nyí tí ó dá irun kan ṣoṣo sílẹ̀. Wọ́n ń ṣí irun nípò ni. Irun tí a bá hú ní ìpàkọ́ tòun ti gbòǹgbò rẹ̀ kì í tún hù níbẹ̀ mọ́. Ìpàkọ́ dà bí àká tí a kó àgbàdo ọdún kan sí: ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ní iye, ẹni tí ó bá sì kó o láìkà á yóò dé ìsàlẹ̀ àká kí òjò tó rọ̀. Àwọn kan wà tí a ti hú irun wọn jù, tí ìpàkọ́ wọn sì dà bí aṣọ tí kòkòrò jẹ. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá wí pé kò sí ọ̀bẹ, ẹ mọ̀ pé ọ̀bẹ ni irin náà, ẹnu rẹ̀ ni ó rí róbótó. Nígbà tí wọ́n bá sì wí pé kò sí àpá, ẹ mọ̀ pé àpá wà. Ó kéré ni, ọ̀kan fún ihò kọ̀ọ̀kan.

Ohun kejì tí ó yẹ kí àwa aláwọ̀ dúdú mọ̀ ni ti irun tiwa. Irun wa ká lókè awọ, gbogbo wa ni a mọ èyí. Ṣùgbọ́n ó tún wọ́ lábẹ́ awọ pẹ̀lú, níbi tí ojú kò dé. Ẹ rántí àgbẹ̀ tí ń wa iṣu tí ó wọ́ nínú ebè. Bí ó bá ki ọkọ́ bọlẹ̀ tààrà láìfi ọwọ́ wá ibi tí iṣu náà gbà, yóò gé e sí méjì. Bẹ́ẹ̀ ni irin tí a ṣe fún irun tí ó nà ṣe lè gé gbòǹgbò irun wa sí méjì nínú ilẹ̀, kí a sì pàdánù rẹ̀ ní ibi tí ó wà àti ní ibi tí ó ń lọ. Ní 2011, nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà kọ́kọ́ fi àṣẹ sí ẹ̀rọ kan tí ń fúnra rẹ̀ wo irun tí ó sì ń gé e, orí àwọn ọkùnrin tí irun wọn dúdú tàbí tí ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tí ó sì nà, ni wọ́n fi àṣẹ náà mọ sí. A kò ka irun tiwa mọ́ ọn.

Kì í ṣe pé kò sí ìrètí fún irun tí ó ká. Àwọn oníṣẹ́ abẹ kan ti jókòó ti ọ̀ràn náà. Dókítà Sanusi Umar, ní California, kọ̀wé ní 2016 nípa irin titun kan tí a ṣe kí ó lè tẹ̀lé irú irun wa dé ibi tí ó wọ́ sí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó mọ̀ ọ́n ṣe kò pọ̀, kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tí ó so pátákó mọ́ ẹnu ọ̀nà ni ó ní irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀.

Pẹ̀lú ìmọ̀ yìí ni a gba Bẹẹrẹ dé Àrẹ̀mọ ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan. Ìyá náà gbà wá tayọ̀tayọ̀, ó sì gbé omi fún wa. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé náà, onídìrí kan jókòó lórí àpótí, ó fi àbúrò ìyàwó, ọmọ ọdún 9, sí àárín eékún rẹ̀, ó ń di ṣùkú fún un. Ẹ̀yin ìyá mọ ṣùkú: láti etí orí gbogbo ni a ti ń fa irun gòkè lọ sí àárín. Ó rẹwà púpọ̀. Ṣùgbọ́n ojú ọmọ náà ti fà sókè, omi sì ti lé ròrò sí i. Kò sunkún, nítorí pé a ti kọ́ ọ pé ọmọ tí ó bá ń sunkún lábẹ́ ìlarun kì í ṣe ọmọ gidi.

Ìyàwó jáde sí wa, ó tú gèlè rẹ̀. Ohun tí ìyá rẹ̀ kọ sínú ìwé ni a rí. Ṣùgbọ́n a tún rí ohun méjì tí kò kọ. Èkíní ni pé ní etí ibi tí ó pá, irun tẹ́ẹ́rẹ́ kéékèèké kan ṣì wà níbẹ̀ bí koríko tí ó kù sí ẹ̀bá ọ̀nà. Èkejì ni pé kókó kan wà ní etí rẹ̀ ọ̀tún, ó tó èkùrọ́, ó ń dán.

A bi í pé, “Kí ni ó ṣe ọ́ ní etí?”

Ó dáhùn pé, “Ibi tí mo tún lu sí etí mi nígbà tí mo wà ní ilé ìwé ni. Ojú rẹ̀ jinná, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ sí wú, kò sì dúró títí ó fi dà báyìí.”

A wo ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ náà wò wá. A ní kí wọ́n jókòó, a sì bi wọ́n léèrè pé: Bí ihò kan ṣoṣo ní etí bá bí kókó tí ó tó èkùrọ́, kí ni ihò ẹgbẹ̀rún kan yóò bí ní ìpàkọ́? Kì í ṣe pé ó dájú pé ìpàkọ́ yóò ṣe bí etí ti ṣe. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣègùn awọ ara mọ̀ pé àpá tí ń wú báyìí wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú ju àwọn ẹ̀yà mìíràn lọ, ẹni tí ara rẹ̀ bá sì ti fi í hàn lẹ́ẹ̀kan rí kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí a fi irin kan ìpàkọ́ òun láìjẹ́ pé oníṣègùn tí ó mọ̀ nípa rẹ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ìpàkọ́ gan-an tilẹ̀ ní àrùn tirẹ̀. Àwọn kókó líle tí ń yọ sí ìpàkọ́ àwọn ọkùnrin wa, tí a máa ń sọ pé abẹ onígbàjámọ̀ ni ó fà á, jẹ́ ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébọ́lá Ògúnbíyì ti ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn yìí kọ̀wé lé lórí ní 2016 fún àwọn oníṣègùn gbogbo ayé. Ìpàkọ́ tí ó ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ibi tí ó yẹ kí a ti máa kó irun.

Ìyàwó bèèrè pé, “Àwọn tí ó fi hàn wá nínú fóònù kò bi mí nípa etí mi. Orí mi nìkan ni wọ́n ní kí n yà ní fọ́tò ránṣẹ́.”

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ fi èyí sí ọkàn. Ẹni tí yóò fi abẹ kan orí ọmọ yín, tí kò sì bèèrè nípa ìyókù ara rẹ̀, owó ni ó ń wò.

Nígbà náà ni a wá sọ̀rọ̀ nípa ohun tí ó mú irun náà lọ. Kì í ṣe ayé, kì í ṣe ọ̀tá, kì í sì í ṣe àjẹ́ ìdílé bàbá gẹ́gẹ́ bí ẹnìkan ti wí fún wọn. Fífà ni. Irun tí a bá ń fà ní ojoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, gbòǹgbò rẹ̀ yóò rẹ̀wẹ̀sì. Bí a bá dáwọ́ dúró ní kùtùkùtù, yóò padà hù. Bí a kò bá sì dáwọ́ dúró, awọ ibẹ̀ yóò di àpá, yóò sì dán. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀ràn ilẹ̀ wa nìkan. Ní 1907 ni oníṣègùn kan tí ń jẹ́ Trebitsch kọ̀wé pé òun rí i lára àwọn obìnrin Greenland, ní ilẹ̀ yìnyín, nítorí pé wọ́n ń fa irun wọn jọ sókè kí wọ́n tó so ó. Ní Gúúsù Áfíríkà, Dókítà Nonhlanhla Khumalo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ orí àwọn ènìyàn wò, wọ́n sì kọ ọ́ jáde ní 2007: nínú àwọn àgbà obìnrin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹnìkan nínú mẹ́ta tí fífà ti ba irun rẹ̀ jẹ́, nínú àwọn ọmọbìnrin ilé ìwé, ó tó nǹkan bí 17 nínú 100. Ọ̀tá irun náà sì ti pọ̀ sí i láyé yìí, nítorí pé a ń fi oògùn mú irun nà, lẹ́yìn náà a sì tún so àtáṣímẹ́ǹtì tí ó wúwo mọ́ ọn.

Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ ti so mọ́ ara wọn. Bí a bá tilẹ̀ hú irun ìpàkọ́ tí a gbìn ín sí ẹ̀bátí, tí onídìrí sì tún fà á bí ó ti ń fà á tẹ́lẹ̀, irun ìpàkọ́ náà yóò bá ti àkọ́kọ́ lọ. Nígbà náà ni a ó ti ná àká, tí a kò sì ní irè kankan nínú oko. Nítorí èyí, oníṣègùn tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í gbin irun sí orí tí fífà kò tíì kúrò lórí rẹ̀. Bí a bá sì rí irun tẹ́ẹ́rẹ́ ní etí ibi tí ó pá, gẹ́gẹ́ bí a ti rí i lórí ọmọ yìí, ó lè jẹ́ pé gbòǹgbò díẹ̀ ṣì wà láàyè níbẹ̀, oògùn àti ìsinmi sì lè ran irú wọn lọ́wọ́. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Bí a ti ń sọ èyí lọ́wọ́ ni a gbọ́ tí ọmọ kékeré náà mí kanlẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyàwó dìde. Ó lọ síwájú onídìrí náà, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́, mà, ẹ dẹ̀ ẹ́ fún un.”

Onídìrí náà kò bínú, ṣùgbọ́n ó sọ òtítọ́ tirẹ̀ pẹ̀lú. Ó ní, “Ọmọ mi, bí mo bá dẹ̀ ẹ́, kò ní lo ọ̀sẹ̀ kan kí ó tó tú. Àwọn ìyá yóò ní n kò mọ iṣẹ́. Wọn yóò gba ilé ẹlòmíràn lọ. Ṣé ìwọ ni yóò wá fún mi ní owó oúnjẹ?”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wá lọ́kàn, nítorí pé kò ṣe irọ́. Àwa tí ń san owó fún irun tí ó le ni a kọ́ onídìrí láti máa mú un le. Ìyá náà dìde láti ibi tí ó jókòó, ó lọ bá onídìrí náà, wọ́n sì sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ẹnu kò sí ni èyí: yóò máa dì í rọra, yóò fi etí iwájú sílẹ̀ láìfà, yóò sì máa wá ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan; owó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń san tẹ́lẹ̀ ni wọn yóò fi èyí tí ó ṣẹ́kù kún díẹ̀ fún un. Onídìrí náà tú ẹsẹ̀ irun mẹ́rin tí ó ti dì. Ọmọ náà pa ojú rẹ̀ dé, ó sì là á. Àwọn àgbà wí pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ni í le koko.

Fún àwọn ìdílé mìíràn tí ọ̀ràn yìí lè kàn, yálà ọkùnrin tí orí rẹ̀ ń pá tàbí obìnrin tí iná jó ní orí, a kò wí pé iṣẹ́ náà kò dára. Fún ẹni tí ó bá yẹ fún, tí ó sì bọ́ sọ́wọ́ oníṣẹ́, ìrànlọ́wọ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó tú àpò, ẹ bèèrè nǹkan wọ̀nyí. Ta ni yóò di irin náà mú? Ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ irun àgbáyé, tí a dá sílẹ̀ ní 1993, ti ń kìlọ̀ pé ní àwọn ibi kan, àwọn tí kì í ṣe dókítà rárá ni í ṣe iṣẹ́ náà nígbà tí orúkọ dókítà wà lára pátákó. Ní ilẹ̀ wa, gbogbo dókítà ni ó gbọ́dọ̀ ní orúkọ nínú ìwé ìgbìmọ̀ tí ìjọba yàn lé wọn lórí; ẹ má ṣe tijú láti bèèrè. Kí ni ó mú irun náà lọ, ǹjẹ́ ó sì ti dáwọ́ dúró? Ǹjẹ́ àpá ti wú lára ẹni náà tàbí lára àwọn òbí rẹ̀ rí? Irun mélòó ni ó wà ní ìpàkọ́, mélòó ni wọn yóò hú, mélòó ni yóò sì kù fún ọjọ́ ọ̀la? Irun tí ó ká báyìí mélòó ni wọ́n ti ṣe rí, ǹjẹ́ wọ́n sì lè kọ́kọ́ fi ìwọ̀nba díẹ̀ dán an wò? Ẹni tí ó bá ń gba ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Istanbul ní ilẹ̀ Tọ́kì, níbi tí iṣẹ́ yìí ti di ọjà ńlá, ni ó yẹ kí ó bèèrè jù, nítorí pé nígbà tí ọgbẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí dùn ún, ẹni tí ó ṣe é kò sí nítòsí.

Ẹ̀yin bàbá tí orí yín pá nítorí ọjọ́ orí, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ yín di aláìsàn. Wòlíì Èlíṣà pá lórí, Ìwé Mímọ́ sì sọ fún wa ohun tí ó dé bá àwọn tí ó fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kíyèsára.

Ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá ni ìwé kejì dé láti Àrẹ̀mọ. Wọ́n ti lọ rí oníṣègùn awọ ara. Ó ti fún ìyàwó ní oògùn, ó sì ti sọ fún un pé kí ohunkóhun má ṣe fa irun rẹ̀ fún odidi ọdún kan, kí ẹnikẹ́ni tó tún dárúkọ gbígbìn sí i létí. Ó ti gẹ irun rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ rí i, ó rẹ́rìn-ín, ó ní orí kan náà tí òun rí kí òun tó wí pé òun fẹ́ ẹ ni. Wọ́n ti san owó ṣọ́ọ̀bù Bẹẹrẹ, aṣọ ìgbéyàwó tirẹ̀ sì ni aṣọ àkọ́kọ́ tí ó ń rán níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìyá náà tún kọ ọ́ pé òun kò tíì lè dárí ji ara òun. A fẹ́ fi èyí dá a lóhùn, àti ẹ̀yin ìyá mìíràn tí ọkàn yín ń sọ irú rẹ̀ fún yín. Ìyá, ẹ kò ṣe é láti pa ọmọ yín lára. Ẹ fẹ́ kí ó mọ́ tónítóní, kí ó má ṣe lọ sí ilé ìwé bí ọmọ tí kò ní ẹni, ẹ sì fẹ́ kí owó díẹ̀ tí ẹ ní ná an tán fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìfẹ́ ni ó mú yín ṣe é, ìmọ̀ ni kò sí. Nísinsìnyí ìmọ̀ ti dé, ẹ sì ti fi í ṣe iṣẹ́ lórí èyí tí ó kéré. Olúwa tí ó mọ iye irun tí ó wà lórí ọmọ yín mọ̀ pẹ̀lú iye òru tí ẹ kò fi sùn nítorí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó tó.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín yóò jókòó síwájú onídìrí ní ọ̀la, ẹ lọ dúró tì í. Ẹ wo ojú rẹ̀. Bí kò bá lè pa á dé dáadáa, ẹ ní kí wọ́n tú u.